Ṣọ́ọ̀bù Alájì onífèrémù ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí fọ́tò ẹyẹ mi ti di ọjà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé fọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù yìí, gbogbo ìgbà tí mo bá sì gbé iṣẹ́ tuntun sórí Facebook ni wọ́n máa ń bi mí pé níbo lo ti ṣe férémù yìí, ṣé Lẹ́kí ni àbí Sùúrùlérè, tí mo bá ní Ẹ̀pẹ́ níbí ni, wọ́n á ní mò ń fi pamọ́ fún àwọn ni. Mi ò fi pamọ́ o. Ẹ̀pẹ́ níbí ni, ẹ̀yìn ọjà ẹja, tẹ́ ẹ bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kó igi férémù ti ògiri níta. Kò ní sáìnbọ́ọ̀dù. Ẹ ṣá béèrè Alájì onífèrémù, ọmọdé á mú yín débẹ̀. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè wọ́n nìyẹn, òun náà ni màá máa lò níbí.

Kí n tó sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ wọn fi jẹ mí lógún tó báyìí. Kẹ́mísì ni mo ní, aago 8 àárọ̀ ni mo ń ṣí i. Àmọ́ láti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti máa ń wà létí ọ̀sà pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, ẹyẹ ni mò ń yà. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀pẹ́ á mọ̀ pé ẹyẹ ò wọ́n wa. Lékeléke ńkọ́, àwòdì tó máa ń rà bàbà lórí ọjà ẹja ńkọ́, ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú-funfun yẹn tó máa ń dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, tí á máa ju apá kíákíá, àfi bó bá já wọnú omi bí òkò, tó bá máa fi jáde ẹja ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tún wà tó máa ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bíi pé orí ilẹ̀ ló wà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn gan-an ni kò fi ń rì, akọ ẹ̀ ló ń sàba lé ẹyin, akọ náà ló sì ń kó ọmọ kiri. Tó bá dìgbà ọyẹ́ àwọn àlejò á tún dé láti Yúróòpù, àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù. Gbogbo ẹ̀ ni mo ń yà, inú kọ̀ǹpútà àti inú fóònù sì ni gbogbo ẹ̀ ń sùn sí. Kò sẹ́ni tó rà á rí. Mi ò tiẹ̀ rò ó pé èèyàn lè rà á.

Ọkùnrin kan ló wá ra oògùn ibà lọ́dọ̀ mi, ó ń kọ́ ilé àlejò lọ́nà Ìtòikín, ó rí fọ́tò lékeléke kan lójú fóònù mi, ó ní ṣé mo lè bá òun ṣe mẹ́fà ńláńlá sínú àwọn yàrá òun, èló ni. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo ní kó fún mi lọ́sẹ̀ kan. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Alájì nìyẹn, torí àwọn ni wọ́n ṣe férémù fọ́tò ìyá mi nígbà ìsìnkú, mo sì rántí pé iṣẹ́ ọ̀hún mọ́.

Mo kó fọ́tò mẹ́fà sórí fláàṣì gbé fún wọn. Mo rò pé wọ́n á gba owó, wọ́n á ní kí n padà wá lọ́jọ́ báyìí. Alájì ṣí ẹ̀kínní, lékeléke tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo fọ́tò mi, wọ́n tẹ kékeré kan, wọ́n mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá ní, "Àǹtí, ẹyẹ yìí ò níyẹ̀ẹ́ o."

Ó dùn mí. Àmọ́ nígbà tí mo wò ó, òótọ́ ni. Ẹ̀yìn lékeléke yẹn funfun báláú, kò sí ìyẹ́ kankan níbẹ̀, bébà lásán ni. Alájì ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mo sì fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ bá ń ya ẹyẹ funfun gbọ́ ọ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ fọ́tò wa ló ní àìsàn yìí tá ò sì mọ̀. Fóònù ní iná nínú, iná yẹn ló máa ń tàn án tí gbogbo nǹkan fi máa ń dán lójú wa. Bébà ò ní iná nínú. Ibi tí fọ́tò bá ti funfun kọjá ààlà, yíǹkì ò ní kan ibẹ̀ rárá, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni ara bébà. Ohun tó sì fà á ni pé omi ẹ̀yìn ẹyẹ yẹn dúdú, kámẹ́rà rí dúdú tó pọ̀, ó bá rò pé ilẹ̀ ti ṣú, ó wá sọ gbogbo ẹ̀ di mímọ́lẹ̀ jù, ẹyẹ funfun ló sì jìyà ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti fẹ́ ya lékeléke, màá kọ́kọ́ yí ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà sílẹ̀ sí -1, nígbà míì tí oòrùn bá le -1.3, mo sì ń yà á ní RAW, kì í ṣe JPEG mọ́, torí RAW máa ń tọ́jú púpọ̀ nínú ohun tí kámẹ́rà rí, tí nǹkan bá bà jẹ́ díẹ̀ mo ṣì lè rí i tún ṣe nílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi padà lọ ń wá lékeléke kiri, ẹ̀yìn àwọn màlúù ni mo ti rí wọn. Nígbà tí mo gbé tuntun wá, Alájì tẹ̀ ẹ́, ìyẹ́ ẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó pọ́n rúsúrúsú lórí àti láyà ẹ̀, torí àsìkò tí wọ́n ń gùn ni. Alájì kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Èyí níyẹ̀ẹ́." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀.

Nínú mẹ́fà tí mo kọ́kọ́ kó lọ, méjì péré ni wọ́n gbà. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó lè gba owó mẹ́fà ló ní òun ò ní tẹ mẹ́rin. Lékeléke yẹn ṣì ni èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n dá padà, mẹ́ta tó kù, ìwọ̀n ni wàhálà wọn. Kámẹ́rà mi ń ya 6000 lọ́nà 4000 píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò, tẹ́ ẹ bá fi píksẹ́lì 300 sínú íńṣì kan, ó tó bébà íńṣì 20 lọ́nà 13, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹyẹ apẹja tèmi jìnnà réré nínú fọ́tò, mo ti gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kúrò kí ẹyẹ lè hàn, ohun tó ṣẹ́ kù ò ju 1500 lọ́nà 1000 lọ. Ìyẹn ò ju íńṣì 5 lọ tá a bá fẹ́ kó mú dáadáa. Èmi sì fẹ́ fi ṣe íńṣì 24! Alájì ní, "Tó o bá ní kí n tẹ̀ ẹ́, màá tẹ̀ ẹ́, owó ni fún mi, àmọ́ ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ ẹ ò ní padà wá bá ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni màá dúró sí. Mo ti gbé fọ́tò lọ síbòmíì rí l'Ékòó, wọ́n tẹ ohun tí mo gbé fún wọn, wọ́n gba owó, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi.

Ọkùnrin onílé àlejò yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi lóṣù mẹ́ta. Ó fún mi. Mo ra lẹ́ńsì Sigma 150-600mm tókúnbọ̀, èyí tó máa ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, owó àjọ mi odindi ló lọ sí i, ó sì wúwo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì, apá máa ń ro mí. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì nìkan kọ́ ló yanjú ẹ̀, sísún mọ́ ẹyẹ ló yanjú ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá apẹja kan lọ ní ìdájí, tá a bá ti ń dé ibi tí òṣíbàtà wà wọ́n á pa ẹ́ńjìnì, wọ́n á máa fi àjẹ̀ tù ú jẹ́jẹ́, ẹyẹ ò ní sá. Tá a bá rí ìtẹ́ a ò kì í sún mọ́ ọn. Ohun kejì tí mo pinnu ni pé ẹran igbó tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lọ́jà, mi ò ní yà á tà, bó ti wù kí fọ́tò ẹ̀ dára tó.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì. Èmi ò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì. Alájì wọlé lọ mú fọ́tò ìgbéyàwó àtijọ́ kan jáde tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe, fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, bí wọ́n bá fà á ojú ìyàwó á bá gíláàsì lọ. Ooru àti ọ̀rinrin etí omi níbí ló ń ṣe é. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń fi páálí funfun tí wọ́n gé àárín ẹ̀ jáde sáàárín fọ́tò àti gíláàsì, kí afẹ́fẹ́ lè wà níbẹ̀. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni páálí yẹn. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé e, wọ́n dá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, tó fi jẹ́ pé etí páálí yẹn máa ń dá geerege wọnú fọ́tò, ó máa ń mú ojú èèyàn lọ síbi ẹyẹ tààrà. Ọwọ́ wọn mọ́ níbi iṣẹ́ yìí ju ibikíbi tí mo ti rí lọ. Ẹ wo igun férémù wọn, ẹ fi èékánná ra á, ẹ ò ní rí àlàfo.

Ibì kan wà tá a ti jà sí ọ̀rọ̀ bébà. Alájì fẹ́ràn bébà tí ò dán, wọ́n ní nílé àwọn èèyàn wa fèrèsé máa ń dojú kọ ògiri tí wọ́n ń gbé fọ́tò kọ́, bébà tó ń dán á kàn máa fi fèrèsé hàn yín ni. Mo gbà fún lékeléke. Ṣùgbọ́n ẹyẹ apẹja míì tí mo yà, kékeré kan tó búlúù lẹ́yìn tó pupa láyà, bébà tí ò dán pa á. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí méjèèjì, mo san owó méjèèjì, a gbé e síta. Lórí èyí tó ń dán búlúù yẹn jíǹ, dúdú ẹ̀ dú dáadáa. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dáa, fún ẹyẹ yìí wọ́n gbà. Mo fẹ́ràn pé àgbà bíi tiwọn lè gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, lásìkò tí mò ń kọ èyí, íńṣì 12 lọ́nà 16 pẹ̀lú títẹ̀, páálí, igi àti gíláàsì, ₦22,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi. Mo kọ́kọ́ ń tà á ₦25,000, mo sì ń yọ̀ pé mo jèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Alájì ló bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Owó ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?" ₦6,000 ni mò ń fún apẹja yẹn láàárọ̀ kan, àárọ̀ mẹ́ta sì lè kọjá kí n má rí fọ́tò kan ṣoṣo tó gba férémù. A jókòó, wọ́n fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn páálí, ọkọ̀ ojú omi, epo ọkada, dátà, lẹ́ńsì tó ń gbó, wákàtí tí mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àdánù ni mò ń tà, mi ò mọ̀. ₦45,000 ni mò ń tà á báyìí, mo sì ń fọwọ́ sí i lẹ́yìn, mo ń kọ orúkọ ẹyẹ ní Yorùbá, ibi tí mo ti yà á, ọjọ́ tí mo yà á, àti nọ́ńbà ẹ̀, fọ́tò kọ̀ọ̀kan ò ní kọjá ẹ̀dà 25. Fún ẹni tí ò lówó ńlá mo ń ṣe káàdì íńṣì 4 lọ́nà 6, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo ti fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, torí àwọn onílé ìtura ńlá kì í sanwó sínú àkáǹtì ara ẹni.

Ta ló ń rà á? Mo rò pé àwọn olówó ọ̀nà Lẹ́kí ni. Àwọn náà ń rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dùn mọ́ mi jù ni Ìyá ẹlẹ́ja kan nínú ọjà wa, wọ́n rí ẹyẹ apẹja tó gbé ẹja sẹ́nu nígbà tí mò ń gbé e kọjá láti ṣọ́ọ̀bù Alájì, wọ́n ní kí n dúró, wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́, ó ṣáà ń jí lọ sójú omi lójoojúmọ́ bíi tiwa, gbé e wá," wọ́n san díẹ̀díẹ̀ fún oṣù méjì, ó wà lórí ìsọ̀ wọn dòní. Ìgbà ọdún Káyọ̀káyọ̀ sì ni ọjà ńlá mi, àwọn ará Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn ìdílé tó ti Èkó wá tẹ̀dó síbí, tó wà lẹ́yìn odi máa ń dé wá rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó ṣe dé síbí ní 1851, wọ́n sì máa ń fẹ́ gbé nǹkan ilé lọ dání.

Ẹni tó kó ìrònú bá mi ni ìyá kan tó ń ṣílé, wọ́n ní àwọn fẹ́ férémù mẹ́ta sójú ògiri kan, agbe, àlùkò, àti lékeléke, torí àdúrà pé agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Ẹ ò rí i pé nǹkan ńlá nìyẹn! Àdúrà tá a ti ń ṣe látìgbà ìwáṣẹ̀, kó wà lára ògiri. Lékeléke nìkan ni mo ní. Ọmọ iṣẹ́ Alájì ní ṣebí ká wá méjì tó kù lórí Google ká tẹ̀ ẹ́, ta ló máa mọ̀. Alájì ní òun ò ní tẹ fọ́tò tí ò ní ìyá tí ò ní bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Èmi náà ò gbà, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, ti 2022, ka fọ́tò mọ́ iṣẹ́ ọnà, bí mi ò ṣe fẹ́ kí wọ́n jí tèmi ni mi ò ní jí tẹlòmíì. Mo ti lọ sí igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́ẹ̀mejì torí agbe, igbó tí erin ṣì wà nínú ẹ̀, mo gbọ́ ohùn ẹ̀, mo rí ìrù ẹ̀ nínú ewé, fọ́tò ò mú. Àlùkò mi ò tíì rí rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní tó bá na apá láti fò lèèyàn máa rí pupa osùn yẹn. Ìyá yẹn gbé lékeléke lọ, wọ́n ní àwọn á dúró. Alájì ti gé férémù méjì tó kù látinú igi kan náà kí àwọ̀ má baà yàtọ̀, wọ́n fi bébà wé e, wọ́n gbé e sókè àjà. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti kù káàtó, màá sọ ọ́. Alájì kì í pa ọjọ́ mọ́. Tí wọ́n bá ní Túsìdé, ẹ fọkàn sí Sátidé. Iṣẹ́ onílé àlejò yẹn, lẹ́yìn gbogbo sùúrù ẹ̀, ó tún pẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án sí i torí iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ sì bà jẹ́, èmi ni mo gba ìbínú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè mí kó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ò dáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bá eruku igi lábẹ́ gíláàsì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn kẹ́ ẹ tó kúrò, wọ́n á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ láìgba owó, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbé e délé ó di wàhálà. Wọn kì í fúnni ní rìsíìtì àyàfi tẹ́ ẹ bá béèrè. Wọn ò ní ẹni tó ń gbé ẹrù lọ fún oníbàárà, gíláàsì kan ti fọ́ sínú bọ́ọ̀sì mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó dé Àjá, fọ́tò tó wà nínú ẹ̀ sì ya. Báyìí, ohun tó bá ń lọ sọ́nà jíjìn, mo máa ń ní kí wọ́n fi pásípẹ́ẹ̀sì, ike tó mọ́ gaara, dípò gíláàsì, ó wọ́n díẹ̀, àmọ́ kì í tètè fọ́.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ọ̀kan tí mo yọ, ti ọjọ́ tí wọn kì í pa mọ́ ni. Tó bá jẹ́ ti ọwọ́ iṣẹ́ àti ti òótọ́ ẹnu nìkan ni, 5 ni.

Ẹni tó bá ń lọ, fláàṣì ni kẹ́ ẹ gbé fọ́tò lọ o, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi fọ́tò lásán, ó máa ń fún un kéré, Alájì ò sì ní gbà á. Ìdajì owó ni àsansílẹ̀. Fún wọn tó ọ̀sẹ̀ méjì bí iṣẹ́ bá ní ọjọ́. Ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń tì láti aago 12 àbọ̀ títí di aago 3. Ẹ ní kí wọ́n tẹ kékeré kan kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó tẹ ńlá, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Èmi náà ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé yìí pẹ̀lú ẹyẹ orí òṣíbàtà, bàbá tó kó ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn, íńṣì 12 lọ́nà 16, bébà tí ò dán. Tí Alájì bá gbà á, màá gbé e síbí kẹ́ ẹ rí i.